Ṣé Láptọ́ọ̀pù Tí A Ti Rà Ṣì Ṣeé Fi RAM àti Àyè Ìpamọ́ Kún? Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Bèèrè Kó Tó Sanwó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè wa, láti Òkè-Àgbè dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ló máa ń wá owó láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó fẹ́ wọ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Owó náà kì í ṣe owó kékeré. Àwọn kan ń mú un nínú owó kòkó, àwọn kan ń kó àjọ, àwọn mìíràn sì ń yá a lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra èyí tó lágbára yóò ra èyí tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọ̀rọ̀ olùtajà ni yóò sì fi tu ara rẹ̀ nínú: "Ẹ ṣì máa gbé e lọ báyìí, Alhaji. Tó bá yá, ẹ ó kàn fi kún un ni."

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè fi kún un? Èsì rẹ̀ ni pé àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí ènìyàn lè tú nọ́ọ̀tì abẹ́ wọn, kí ó sì fi kún agbára wọn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n ni wọn yóò ṣe wà títí wọn yóò fi kú. Méjèèjì lè jọra lórí tábìlì olùtajà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà lè wà lára wọn, kí owó wọn má sì jìnnà síra. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí olúkúlùkù mọ ìyàtọ̀ wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí a bá ti sanwó tán, ìbéèrè náà ti di àbámọ̀.

Àtẹ àti àká: ohun méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pe RAM àti àyè ìpamọ́ ní "mẹ́mórì" bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Àṣìṣe yìí ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Ìkàrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti gàrí ní àká kan tó ń kó àwọn àpò ọjà rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àká ló ti ń tà. Ó máa ń bu díẹ̀díẹ̀ jáde sórí àtẹ tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tètè dé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò palẹ̀ àtẹ mọ́, kò sì ní sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́.

RAM ni àtẹ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: ìwé tí ọmọ ń kọ, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣí, fídíò tó ń wò. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì ti kú, gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ló ń pòórá. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí a kò tíì fi pamọ́ fi máa ń ṣòfò nígbà tí iná bá já lójijì. Àyè ìpamọ́ ni àká. Inú rẹ̀ ni Windows fúnra rẹ̀ wà, pẹ̀lú àwọn fáìlì, àwòrán àti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Iná ìbáà lọ fún oṣù mẹ́ta, ohun tó wà nínú àká kò lọ síbì kan.

GB ni a fi ń wọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Àtẹ kì í tóbi púpọ̀: 4GB, 8GB tàbí 16GB ló wọ́pọ̀. Àká ló máa ń tóbi: 128GB, 256GB, 500GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ní "mẹ́mórì" láptọ́ọ̀pù òun jẹ́ 500, àká ló ń sọ, kò tíì sọ nǹkan kan nípa àtẹ. Ìyá tí àká rẹ̀ tóbi bí ilé ṣùgbọ́n tí àtẹ rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ yóò máa sáré wọlé sáré jáde ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà tó ní 500GB ṣùgbọ́n tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ ṣe ń ṣe.

Èwo nínú méjèèjì ló ń dà yín láàmú?

Kí a tó ra ohunkóhun kún láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ewé kan tó ń jẹ́ Task Manager yóò jáde. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Performance" sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwọn iṣẹ́ tí ọmọ máa ń ṣe lójoojúmọ́: Word, Chrome pẹ̀lú ojú ewé bíi mẹ́fà, Zoom tó bá ń lò ó. Ẹ wá wo ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni "Memory". Bí ó bá ń dúró sí nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà, àtẹ ti kéré jù. RAM ló nílò àfikún.

Èkejì ni "Disk". Bí ó bá dúró sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí "Memory" kò tíì kún, àká ló ń falẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, hard disk alátijọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí àtẹ bá ti kún, kọ̀ǹpútà máa ń sọ apá kan nínú àká di àtẹ onígbà díẹ̀, "Disk" náà á sì gbóná. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo "Memory" kí ẹ tó dá àká lẹ́bi.

Ẹ̀kẹta ni ààyè tó ṣẹ́kù lórí C. Bí àmì rẹ̀ bá ti pọ́n nínú "This PC", àká ti kún nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kó fídíò àti ohun tí ẹ kò lò mọ́ kúrò. Ó lè jẹ́ pé ìgbálẹ̀ lẹ nílò, kì í ṣe owó.

Àká: èyí tó sábà máa ń ṣeé pààrọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń ti Computer Village ní Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa ní Àkókó, àyè ìpamọ́ ṣeé pààrọ̀. Òun náà sì ni àtúnṣe tí ọmọ yóò tètè rí àǹfààní rẹ̀.

Hard disk alátijọ́ ní àwo kan nínú tó ń yí, pẹ̀lú ọwọ́ tín-ín-rín kan tó ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. SSD kò ní ohun kankan tó ń yí nínú. Hard disk láptọ́ọ̀pù máa ń ka nǹkan bíi 100MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD tó ń lo okùn SATA lè ka ohun tó ju 500MB lọ láàárín àkókò kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe lè ka 3,000MB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láptọ́ọ̀pù tó máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jí lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi SSD rọ́pò hard disk rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ fi kan RAM.

Àǹfààní mìíràn wà fún àwa tí ọ̀nà wa kò dán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù tí kò tíì kú tán sínú báàgì, tó sì gun ọ̀kadà láti Òkè-Àgbè lọ sí Ìkàrẹ́ lórí ọ̀nà oníkòtò, lè ba hard disk jẹ́, nítorí ọwọ́ inú rẹ̀ lè họ àwo tó ń yí. SSD kò ní ìṣòro yẹn. Iná tó ń jẹ sì sábà máa ń kéré sí ti hard disk, èyí tó ń ran bátìrì lọ́wọ́ nígbà tí kò bá sí iná.

Kì í ṣe gbogbo SSD ló bá gbogbo láptọ́ọ̀pù mu. Àwọn oríṣi tí ẹ ó bá pàdé nìyí:

- Oníìnṣì méjì àbọ̀: ó rí bíi hard disk láptọ́ọ̀pù gan-an, ibi tí hard disk wà náà ló ń wọ̀. Ó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ díẹ̀.
- M.2: ó tín-ín-rín, ó sì gùn bí igi ṣingọ́ọ̀mù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì gùn ní mìlímítà 80. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 2280 sí i lára. M.2 kan ń sọ èdè SATA, èkejì ń sọ èdè NVMe. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n ihò tó mọ èdè SATA nìkan kò ní dá NVMe mọ̀. Ẹ béèrè èwo ni láptọ́ọ̀pù yín ń gbà kí ẹ tó rà á.
- eMMC: èyí kì í ṣe SSD. Ó jẹ́ àyè ìpamọ́ kékeré tí wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, kò sì ṣeé yọ. Irú HP Stream 11 tó ní 32GB wà lára wọn. Windows nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè náà tán.

MacBook náà ní tirẹ̀. MacBook Air tí wọ́n ṣe láti ọdún 2010 sí 2017 ní SSD tó ṣeé yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Láti ti ọdún 2018, àyè ìpamọ́ MacBook Air ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí 128GB lẹ rà, 128GB náà ni títí láé.

Àtẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ síra

Ní ti RAM, láptọ́ọ̀pù pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan ní ihò méjì tí a ń ki ègé RAM sí, méjèèjì sì ṣeé yọ. Lára wọn ni HP EliteBook 840 G3 àti 840 G5, Dell Latitude 7490, àti Lenovo ThinkPad T480. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó máa ń lo irú wọn fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà wọ́n sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó ní ègé 4GB kan ṣoṣo, tí ihò kejì sì ṣófo, ẹ lè ki 4GB mìíràn sí i kó di 8GB, tàbí 8GB kó di 12GB.

Àwọn kejì ní RAM kan tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ihò kan ṣoṣo. ThinkPad T480s jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i: lẹ́tà "s" kan péré ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára T480. Èyí ṣeé fi kún, ṣùgbọ́n ihò kan yẹn nìkan ni ẹ ní.

Àwọn kẹta kò ní ihò rárá. Gbogbo RAM wọn ni wọ́n ti fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù. ThinkPad X1 Carbon wà nínú wọn, Dell XPS 13 wà níbẹ̀, HP Stream 11 wà níbẹ̀, MacBook Air sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 2008. Ẹ rí i pé nínú wọn ni olówó gọbọi wà, nínú wọn náà ni olówó pọ́ọ́kú wà. Owó tí a san kọ́ ló ń sọ bóyá láptọ́ọ̀pù ṣeé fi kún.

Bí ihò bá tilẹ̀ wà, ègé tó bá ihò mu ni yóò wọ̀ ọ́. DDR3, DDR4 àti DDR5 kò lè gba ipò ara wọn. Ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi tipá ki ọ̀kan sí ihò èkejì. Ti láptọ́ọ̀pù kúrú ju ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, orúkọ rẹ̀ sì ni SODIMM. Láàárín DDR3 pàápàá, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ DDR3L, tí iná tó ń lò kéré. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel ìran kẹrin kì í jí bí a bá ki DDR3 lásán sí wọn. DDR3L ni wọ́n fẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ yọ ègé tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì béèrè irú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń jó o mọ́ bọ́ọ̀dù?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwọn ìdí tó jẹ́ òótọ́. Ihò àti ègé RAM ń gba àyè. Bí wọ́n bá yọ wọ́n kúrò, láptọ́ọ̀pù á tín-ín-rín, àyè á sì wà fún bátìrì. RAM tó ń jẹ iná díẹ̀, irú èyí tó wà nínú fóònù, nílò kí ó súnmọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an kí ó tó lè sáré dáadáa. Nígbà tí Apple gbé M1 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, inú àpò kan náà ni wọ́n kó RAM àti ọpọlọ sí.

Ṣùgbọ́n èrè wà níbẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Bí RAM kò bá ṣeé fi kún lẹ́yìn ọ̀la, ẹni tó fẹ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní iye tí wọ́n bá dá lé e. Bí àtẹ bá sì kéré jù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, odindi láptọ́ọ̀pù mìíràn ni yóò rà.

Ọ̀nà kẹta ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, JEDEC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ṣe RAM, gbé ìlànà kan tí wọ́n pè ní CAMM2 jáde. Ó ń jẹ́ kí RAM tó ń jẹ iná díẹ̀ náà ṣeé tú. Lenovo lo irú rẹ̀ nínú ThinkPad P1 Gen 7 ní ọdún 2024. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí irú wọn tó di tòkunbọ̀ tó dé Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láptọ́ọ̀pù lè tín-ín-rín kó sì tún ṣeé tú.

Ohun márùn-ún tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ ní kí olùtajà tan láptọ́ọ̀pù náà níwájú yín. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí "Performance", ẹ tẹ "Memory". Ní ìsàlẹ̀, ẹ ó rí "Slots used", tó ń sọ iye ihò tó wà àti iye tí wọ́n ti lò. "1 of 2" túmọ̀ sí pé ihò kan ṣófo.

2. Ẹ wo "Form factor" lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "SODIMM", ègé tó ṣeé yọ ni. Bí ó bá jẹ́ "Row of chips", ó ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ má wo "Slots used" nìkan, nítorí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù náà lè kọ "2 of 2" síbẹ̀, bí ẹni pé ihò wà.

3. Ẹ tẹ "Disk" láti mọ̀ bóyá SSD tàbí HDD ni. Bí ó bá jẹ́ eMMC, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

4. Ẹ kọ orúkọ láptọ́ọ̀pù náà pé pérépéré, pẹ̀lú nọ́mbà àti lẹ́tà tó kẹ́yìn. "HP EliteBook" nìkan kò tó. 840 yàtọ̀ sí 1030, G3 sì yàtọ̀ sí G5. Ẹ wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wo iye RAM tó lè gbà jù lọ. Láptọ́ọ̀pù tí 16GB jẹ́ òpin rẹ̀ kò ní gba 32GB, bí ẹ tilẹ̀ ní owó rẹ̀ lọ́wọ́.

5. Ẹ wo ìran ọpọlọ rẹ̀. Nínú i5-6300U, nọ́mbà 6 tó tẹ̀lé àmì náà ń sọ pé ìran kẹfà ni. I5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè RAM 4GB àti àyè ìpamọ́ 64GB, ó kéré tán, ṣùgbọ́n ó tún ń béèrè ọpọlọ tí kò dàgbà jù. Ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́. RAM tí a bá fi kún ìran kẹrin kò ní sọ ọ́ di ìran kẹjọ.

Bí olùtajà bá ní "Ẹ ó fi kún un tó bá yá," ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì: RAM ṣeé fi kún, ihò kan ṣófo, SSD ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà kò ní kọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, bíbo àbùkù ọjà mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀tàn a sì máa mú alùbáríkà kúrò nínú òwò. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ihò wà, ó sàn kí ẹ ní ẹ kò mọ̀.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá fẹ́ wáyé

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì sórí hard disk àgbélẹ̀ tàbí fláàṣì. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tí ọmọ ti ń kọ láti oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ wà ní ojú kan ṣoṣo. Bí BitLocker bá wà lórí Windows náà, ẹ pa á, tàbí kí ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́mbà 48 rẹ̀ sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà má bàa ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ẹ jókòó ti ẹnjiníà títí yóò fi parí. Kí ó pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, kí ó yọ ṣájà, kí ó sì yọ okùn bátìrì kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ mọ iná kékeré tó máa ń ta ènìyàn nígbà tó bá ń bọ́ aṣọ. Iná yẹn lè ba ègé RAM jẹ́ kí a má tilẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kó tó mú RAM, tí kì í sì í gbé iṣẹ́ náà sórí rọ́ọ̀gì.

Nígbà tó bá parí, ẹ tún ṣí Task Manager. Kí RAM tuntun hàn pé, kí SSD náà hàn pé. Ẹ ṣọ́ra fún SSD tàbí fláàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kéré ju ti 256GB gidi lọ. Ayédèrú ni. Yóò hàn bíi 2TB lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti da fáìlì sí i kọjá ìwọ̀n tó ní gan-an, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ẹ gba hard disk àtijọ́ yín padà. A tẹnu mọ́ èyí gidigidi. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí hard disk, kò tíì lọ pátápátá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè hú u jáde. Àwòrán ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin ilé láìbo orí, fídíò nìkáà, ìwé ilé ìfowópamọ́: gbogbo wọn lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé wọ́n fẹ́ fi dín owó fún yín. Ẹ ra àpótí kékeré tó ní okùn USB fún un, kí ẹ sì máa lò ó láti fi tọ́jú ẹ̀dà fáìlì.

Bí èyí tí kò ṣeé tú lẹ ti rà ńkọ́?

Ẹ má banú jẹ́ jù. Àká ṣeé ràn lọ́wọ́ láti ìta: SSD àgbélẹ̀ tó ń lo USB, tàbí káàdì kékeré tí a ń ki sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, lè gba fídíò àti àwòrán. Àtẹ kò ṣeé ràn lọ́wọ́ láti ìta. Ohun tó kù ni kí ẹ dín ohun tí ẹ ń tẹ́ sórí rẹ̀ kù. Ẹ ti ojú ewé Chrome tí ẹ kò lò. Nínú Task Manager, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "Startup", kí ẹ pa àwọn ohun tó ń jí fúnra wọn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí. Fún láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, ẹ̀yà Linux tó fúyẹ́ wà tí a kì í sanwó fún, ó sì tó fún ọmọ tó ń kọ̀wé tó sì ń ka ìwé.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ yẹ kí a fi kún un. Bí iye RAM àti SSD bá fẹ́ tó ìdajì owó láptọ́ọ̀pù tó sàn ju èyí lọ, tí ojú rẹ̀ sì ti là, tí bátìrì rẹ̀ sì ti kú, ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ fún òmíràn. Iye RAM kì í dúró lójú kan: ní ìparí ọdún 2025, ó gun òkè gan-an káàkiri ayé nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra á fún iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí ẹ tó pinnu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Alhaji tó dúró níwájú olùtajà. Bí owó rẹ̀ bá tó láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbé méjì ka iwájú rẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín tó ń dán, tó ní 4GB tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, èkejì nípọn díẹ̀, tó ní 4GB pẹ̀lú ihò kan tó ṣófo, kí ó gbé èyí tó nípọn. Lónìí, ohun kan náà ni méjèèjì lè ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí iṣẹ́ ọmọ bá pọ̀ sí i, ọ̀kan nínú wọn ṣì lè dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́hun bùkún owó tí a ń ná lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa.